Òkè Wa Kò Ga

Ilẹ̀ wa ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí tẹ́ pẹrẹsẹ. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, àwa wá há sáàárín bí ọkọ tí ìyàwó méjì ń fà láṣọ ya. Nítorí náà, tí mo bá sọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ajah pé ìdílé bàbá mi ní òkè tirẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Wọ́n á ní, "Ìyá Oníbàtà, òkè wo? Ṣé òkè ààtàn ni?" Mi ò kì í bínú. Bàtà òkìríkà ni mò ń tà. Ẹni tó ń ta bàtà tí ẹlòmíràn ti wọ̀ gbó kò gbọ́dọ̀ máa tètè bínú.

Òkè wà lóòótọ́. Kò kàn ga ni. Lọ́dọ̀ tiwa tó jẹ́ pé etí omi ni wọ́n bí wa sí, ilẹ̀ tí omi kò bá ti lè gùn nígbà òjò, òkè là ń pè é, ì báà má ju orókún lọ. Òkè tiwa ga ju orókún o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Tí ọkùnrin bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ lè rí àtàrí rẹ̀ dáadáa, kó sì mọ̀ bóyá ó ti ń pá.

Ogun ló lé bàbá ńlá wa dé ibẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kan, ìyàwó kan àti ẹní kan. Ibi gbogbo tó bá tẹ́ ẹní sí, omi ló ń jí i. Nígbà tó dé orí òkè yìí, omi wá, ó dé ẹsẹ̀ ẹní, ó padà. Bàbá ní, "Ó tó." Ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, òun àti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá ní Ọmọ omi-dé-ẹsẹ̀-ẹní-ó-padà. Mo máa ń rò ó pé ká ní bàbá ńlá wa rí bẹ́ẹ̀dì onírin rà ni, a ò bá má ní oríkì.

Ìyá Àgbà ló kù nínú àwọn obìnrin tí wọ́n bí sórí òkè náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé ní Ajah. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò ṣe bàìbàì rí. Ẹnu tí mo fi ń jẹun lọ́jà yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fọ bàtà, wọ́n ní:

"Ẹ mú mi lọ sórí òkè. Mo fẹ́ fi ibi tí ẹ máa sin mí sí hàn yín. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ sin mí síbi tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ìyá, gbogbo aládùúgbò tí ẹ ní láyé yìí, ta lẹ ò bá jà nínú wọn?"

"Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi, a ti bára wa jà tán. Ìjà tuntun ni mi ò lágbára rẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fi falẹ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ti gba ilẹ̀ ibẹ̀. Abúlé ti tú. Ẹni tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹni tó lọ sí Ajah lọ sí Ajah. Bàbá Olórí Ẹbí, tí wọ́n jẹ́ àbúrò bàbá mi, tí wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ awakọ̀ káńsù, ló bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórúkọ ìdílé. Wọ́n fi dá wa lójú pé kò séwu.

Wọ́n ní, "Wọ́n bi mí níbi tí òkú wa wà. Mo ní orí òkè ni. Ọ̀gá wọn kan pè mí lórí fóònù, ó ní àwọn ti ṣọgbà yí òkè náà ká, àwọn ti fi àsíá sí i, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Kín ni ẹ tún ń fẹ́?"

Kò sí ohun tí a tún fẹ́. A dájọ́, a gbéra.

Àwa mẹ́rin la lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo ẹsẹ̀ ènìyàn kí n tó wo ojú wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ẹsẹ̀ sọ ọ́. Bàbá Olórí Ẹbí wọ kánfáàsì funfun tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ òsì tóbi ju ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n ń rà á, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn náà kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe káfíńtà ti ilé ìjọsìn wọn wá tààrà, pẹ̀lú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, nítorí àwọn kì í wọ bàtà mọ́ aṣọ náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìjọ yín yìí ló ń pa ọjà mi o." Ó ní kí n lọ ronú pìwà dà. Èmi wọ sálúbàtà. Ìyá Àgbà wọ bàtà rírọ̀ tí mo ṣà fún wọn nínú bélì òkìríkà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, kó má baà dùn wọ́n.

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ létí títì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ kan lé èjìká mi, wọ́n ń na ọwọ́ kejì sí nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ibí ni ọkọ̀ bàbá ńlá wa ti gúnlẹ̀." Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn.

"Ibí ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti pínyà nítorí orí ẹja. Ẹ̀gbọ́n ní òun ló ni ín, àbúrò ti gbé e jẹ. Ẹ̀gbọ́n bínú wọkọ̀, ó sọdá ọ̀sà, kò padà mọ́."

Òótọ́ nìyẹn. Títí di òní, bí àwọn ará òdìkejì ọ̀sà bá wá síbi òkú wa, orí ẹja la máa ń kọ́kọ́ gbé fún wọn. Wọ́n á wò ó, wọn ò ní jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àtìgbà ogun ni, ẹja náà ì bá ti jí.

Ògiri ló wà lápá ọ̀tún, ògiri ló wà lápá òsì. Lórí ògiri kan wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, lórí èkejì wọ́n kọ ọ́ pé títà ni. Tírélà ń kọjá, ó ń da eruku sí sùtánà Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a yà sójú ọ̀nà tuntun tí ilé-iṣẹ́ náà là, Ìyá Àgbà dúró. Wọ́n bọ́ bàtà tí mo fún wọn, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́.

"Ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ nǹkan kan nínú nǹkan yìí."

Wọ́n rìn díẹ̀ láìwọ bàtà. Yẹ̀pẹ̀ dúdú ni wọ́n fi kún ojú ọ̀nà náà, kì í ṣe iyanrìn funfun tó wà káàkiri. Mo rí i tí ojú wọn tú ká.

Wọ́n ní, "A ti dé."

Bàbá Olórí Ẹbí ní, "Ìyá, a kò tíì dé géètì pàápàá."

"Mo ní a ti dé. Lórí òkè la wà yìí."

A wo ara wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bóyá ni kì í ṣe ebi. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni Ẹ̀gbọ́n ti figbe ta. Àfọ́kù ìkòkò kan ló gé e lẹ́sẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ nínú sùtánà, ó bẹ Ọlọ́run lójú ẹsẹ̀, ó fa àfọ́kù náà yọ, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá Àgbà kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. A bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi tẹ̀lé wa.

Ọ̀dọ́kùnrin tó gbà wá ní géètì ni ọ̀gá tó bá Bàbá Olórí Ẹbí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ Èkìtì ni, ọmọlúwàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà nínú eruku pẹ̀lú akoto lórí.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin onílẹ̀. Mo ti ń retí yín. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi."

A tẹ̀lé e. Nígbà tí a yí igun kan, ó dúró, ó na ọwọ́ bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun hàn.

Òkìtì iyanrìn ni. Ó funfun gbòò, ó ga tó ilé alájà kan. Wọ́n fi wáyà yí i ká, wọ́n gbé àsíá pupa sí igun rẹ̀ gbogbo. Wọ́n kọ pátákó sí iwájú rẹ̀ pé: ILẸ̀ ÒKÚ ÀWỌN ONÍLẸ̀. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ọmọ Èkìtì ní, "Mo jà fún un o! Wọ́n fẹ́ kó o lọ dí àbàtà, mo ní láéláé, bàbá àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wa kì í tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pàápàá."

Mo wo Bàbá Olórí Ẹbí. Ẹnu wọn là. Èmi mọ ohun tí òkìtì náà jẹ́, kò sí ọmọ etí omi tí kò mọ̀ ọ́n. Iyanrìn tí ẹ̀rọ fà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n dà á sí. Kò sí bàbá ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, àfi tí ẹja bá jẹ́ bàbá ènìyàn.

Ìyá Àgbà kò rí i dáadáa. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ẹ jẹ́ ká gòkè."

Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. A bá gòkè náà. Ẹ ò tíì rí ìyà. Tí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè, iyanrìn á dá a padà. Ẹ̀gbọ́n ń fà wọ́n lọ́wọ́, èmi ń tì wọ́n lẹ́yìn, ọmọ Èkìtì ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra, orí bàbá wa ni," Bàbá Olórí Ẹbí ń mí bí ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun tú gèlè mi. A rí òkun, a rí ọ̀sà, a rí àwọn irin gàgàrà tí wọ́n fi ń gbé ẹrù lápá èbúté. Mi ò rí ìlú bàbá mi látòkè bẹ́ẹ̀ rí. Ó kéré.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n bu iyanrìn, wọ́n fi àtàǹpàkò wá inú rẹ̀, wọ́n mú ìkarahun kékeré kan jáde. Wọ́n fi sí imú.

Wọ́n ní, "Lèsí ló kó ọ̀sà wá síbí?"

Lèsí ni àwọn àgbà ilé wa ń pe ta ni. Ọmọ Èkìtì kò gbọ́ ọ, ó rò pé wọ́n ń pe orúkọ ẹnìkan nínú àwọn òkú, ó bá ṣí akoto.

Èmi ni mo sọ fún un. Mo ní, "Ọ̀gá, òkè wa kọ́ nìyí."

"Báwo? Ẹ̀yin lẹ ní orí òkè. Èyí nìkan ni òkè tó wà níbí!"

Bàbá Olórí Ẹbí wá rí ohùn. "Òkè wa kò ga."

"Bàbá, òkè tí kò ga? Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ní òkè, wàá gbé orí sókè kí o tó rí i."

Mo ní, "Níbí, ìsàlẹ̀ lo máa wò."

Ìyá Àgbà tẹ́tí sí òkun. Wọ́n yí ara wọn díẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n nawọ́. "Ọ̀hún ni."

A wo ọ̀hún. Kọnkéré ló wà níbẹ̀, tírélà tò lé e lórí, awakọ̀ kan ń fọ aṣọ lábẹ́ tirẹ̀.

Ojú ọmọ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. "Ibẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ yẹn kàn wú díẹ̀ ni. Katapílà tẹ́ ẹ kíákíá. Wọ́n ní àfọ́kù ìkòkò ló pọ̀ nínú ẹ̀."

"Yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń yí akoto lọ́wọ́.

Mo ní, "Mò ń bi ọ́. Yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, níbo lẹ kó o sí?"

"Ojú ọ̀nà," ó ní. "Yẹ̀pẹ̀ tó dára ni. A fi kún ojú ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé."

Gbogbo nǹkan ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí mi sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò ké, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀fun mi lórí òkìtì yẹn náà, mo fi gèlè dí ẹnu. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń wo ibi tí àfọ́kù ti gé e. Ó kàn ń wò ó.

Bàbá Olórí Ẹbí fa èmi àti Ẹ̀gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n rò pé àwọn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pariwo mọ́ ọkọ̀ káńsù ní gbogbo ayé rẹ̀ kò mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́. Tí a bá lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ sọ pé èyí kọ́ ni òkè wa, wọ́n á kó o lọ́la. Kí la máa wá ní? Wáyà wà níbẹ̀. Pátákó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa ẹnu mọ́."

Mo ní, "Bàbá, iyanrìn inú omi lẹ fẹ́ ká máa pè ní bàbá?"

"Mi ò ní kí o pè é ní bàbá! Mo ní ká ní nǹkan kan."

"Èmi náà ti gbọ́ o," Ìyá Àgbà ní láti ẹ̀yìn wa. "Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀."

Ọmọ Èkìtì ń bẹ̀bẹ̀ títí a fi dé géètì. Ó ní òun kò mọ̀ ni. Mo mọ̀ pé kò mọ̀. Òun nìkan ló gbìyànjú láti gba nǹkan sílẹ̀ fún wa níbẹ̀, ó kàn lọ gba èyí tí kì í ṣe tiwa sílẹ̀ ni.

Nígbà tí a padà dé ojú ọ̀nà dúdú náà, Ìyá Àgbà jókòó sí àárín rẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú wọn. Tírélà kan dé, ó fun fèrè. Wọn ò gbọ́. Òmíràn dúró sẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ yọ orí lójú fèrèsé.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú ọ̀nà!"

Ìyá Àgbà ní, "Ìwọ ni kí o kúrò lórí ìyá mi."

Ó rò pé wọ́n bú òun ni. Ó fẹ́ fèsì, Ẹ̀gbọ́n bá gbé ọwọ́ sókè sí i pẹ̀lú sùtánà tí eruku ti sọ di pupa. Ó pa ẹ́ńjìnnì. A dúró títí wọ́n fi ki ìyá wọn tán.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà nílé mi mọ́, ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n pè mí.

"Ẹ sin mí sórí iyanrìn yẹn."

"Ìyá! Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ ibi tí ẹ ò ti mọ ẹnikẹ́ni."

"Mi ò fẹ́ ẹ báyìí náà. Ṣé mo ní mo fẹ́ ẹ ni? Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ kò purọ́, òpònú lásán ni. Bí ẹ ò bá ní òkú níbẹ̀, wọ́n á kó o. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ katapílà kàn án tí kò sí egungun nínú rẹ̀, pátákó yẹn á di igi ìdáná. Ẹ fi mí síbẹ̀. Tí mo bá ti wà níbẹ̀, ó di òkè."

Mo ní, "Ẹ̀yin nìkan?"

"Ẹ̀yin náà ń bọ̀. Àbí ayérayé lẹ wá lò?"

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lọ. Wọn ò ṣàìsàn pẹ́. Èmi àti Bàbá Olórí Ẹbí lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà ní Igbó Ẹfọ̀n láti lọ gba àyè ìsìnkú. Yàrá náà tutù bí inú fírísà. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wọ bàtà gíga tó dára, mi ò bá ti lè tà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó bá wa kẹ́dùn. Ó wá ní:

"Ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ béèrè ni. Ṣé àwọn òkú yín mìíràn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Bàbá Olórí Ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Àwọn tí wọ́n ní ká pa ẹnu mọ́, àwọn ló kọ́kọ́ sá. Mo wo obìnrin náà lójú.

Mo ní, "Gbogbo ilé bàbá mi ni."

Ó ní kò burú. Ó fún wa láyè.

Ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ Èkìtì kó àwọn òṣìṣẹ́ wá bá wa gbẹ́lẹ̀. Iyanrìn omi kò gba gbígbẹ́. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ ló ń dí. Wọ́n á gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, etí rẹ̀ á wó, ó á di orókún. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ, ó tún wó. Pósí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lábẹ́ tapólì, òjò ń kán sí i, àwọn ará òdìkejì ọ̀sà tó wá bá wa sin òkú dúró wò wá bíi pé a kò mọ òkú í sin. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń ṣe é láti ọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó le díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ló bọ́ sùtánà. Ó kó ayùn àti òòlù jáde nínú àpò, ó gba pákó lọ́wọ́ àwọn tó ń da kọnkéré, ó wọ inú ihò náà lọ fúnra rẹ̀. Ó ń kan pákó mọ́ etí rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni tó ń ṣe yàrá kékeré. Iyanrìn ń gba àlàfo pákó yọ sí i lọ́rùn. Bàbá Olórí Ẹbí sún mọ́ etí ihò, wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ó ti jìn tó.

Ẹ̀gbọ́n pariwo láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀yin ènìyàn! Ẹ̀ ń ti òkè lù mí!"

A sún sẹ́yìn. Ó kan èyí tó kù.